Ṣé práìmù ni 4,294,967,297? Báwo la ṣe máa fi hàn lójú pátákó?

tisa_okearo (Àkúrẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ìṣirò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kan tó ti di àríyànjiyàn ní kíláàsì SS2: 4,294,967,297. Ohun tó jẹ́ ni 2 tí a gbé sí agbára 32, tí a wá fi 1 lé e, ìyẹn 2^32 + 1.

Ìwé kan tó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ láàárín àwọn ọmọ sọ pé bí a bá gbé 2 sí agbára 1, 2, 4, 8, 16, 32 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí a fi 1 lé èyí tó bá jáde, práìmù ni yóò máa jẹ́ nígbà gbogbo, ìyẹn nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín tán àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, márùn-ún àkọ́kọ́ bá a mu: 3, 5, 17, 257 àti 65,537. Ìkẹfà yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ti fi gbogbo práìmù láti 2 títí dé 101 pín in, kò sí èyí tó pín in tán. Pẹ̀lú 3, ó ṣẹ́ku 2. Pẹ̀lú 7, ó ṣẹ́ku 5. Pẹ̀lú 11, 5. Pẹ̀lú 13, 10. Lójú tiwọn, ẹjọ́ ti parí: práìmù ni.

Ètò kan ní C, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tó ní `unsigned int n = 4294967297;` nínú, ní tirẹ̀ sọ pé kì í ṣe práìmù. Àmọ́ tí a bá ní kó tẹ n jáde, 1 ló ń tẹ̀. Kí ló gbé bílíọ̀nù mẹ́rin mì?

Ohun tí mo ń wá ni ọ̀nà tí èèyàn lè fi ṣọ́ọ̀kì tú nọ́ńbà yìí palẹ̀ láàárín ogójì ìṣẹ́jú, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ ìṣirò tó wà nílẹ̀ ni irú tí àwọn oníṣòwò ń lò, díjíìtì mẹ́jọ péré ló ń gbà. Mẹ́wàá ni nọ́ńbà yìí ní.

isiro_alagbaka

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Kì í ṣe práìmù. 641 pín in tán, èsì rẹ̀ sì ni 6,700,417. Àwọn tó kọ ìwé yẹn kọ́ ló kọ́kọ́ ṣì í o. Pierre de Fermat, ará Faransé, ló gbà bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1640, ó sì di 1732 kí Leonhard Euler tó rí 641. Ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn ọmọ yín wí, kó kọ́kọ́ bá Fermat wí.

Ẹ jẹ́ ká pín in ná. Ẹ̀rọ díjíìtì mẹ́jọ yẹn tó. Ẹ gé nọ́ńbà náà sí méjì: 4,294,967 níwájú, 297 lẹ́yìn. 641 wọ inú 4,294,967 ní ìgbà 6,700, nítorí pé 641 × 6,700 jẹ́ 4,294,700. Ó ṣẹ́ku 267. Ẹ so 267 mọ́ 297 tó wà lẹ́yìn, ó di 267,297. 641 wọ inú ìyẹn ní ìgbà 417 gẹ́lẹ́, kò ku ẹyọ kan. Ẹ to 6,700 àti 417 tira wọn, ó parí. Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣì í ni ìsopọ̀ yìí: torí pé díjíìtì mẹ́ta lẹ gé sẹ́yìn, díjíìtì mẹ́ta ni èsì kejì gbọ́dọ̀ jẹ́. Ká ní 41 ló jáde, 041 lẹ máa kọ.

Ọ̀nà kan wà tó tún yá ju ìyẹn lọ, tí kò jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá dé pátákó rárá. Àṣẹ́kù nìkan lẹ máa gbé rìn. 2^16 jẹ́ 65,536. 641 × 102 jẹ́ 65,382, nítorí náà ó ṣẹ́ku 154. 2^32 jẹ́ 2^16 lọ́nà ara rẹ̀, a jẹ́ pé 154 × 154 la máa wò: 23,716. Ṣùgbọ́n 641 × 37 jẹ́ 23,717. Ẹyọ kan ló ku kó pé! Ẹ wá fi 1 tó wà nínú 2^32 + 1 kún un, ó pé pérépéré. Ìlà mẹ́rin lórí pátákó.

Wàyí o, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé 641 ló yẹ kó dán wò? Tó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ kàn ń tọ práìmù lẹ́sẹẹsẹ, 641 ni ìkẹrìndínlọ́gọ́fà. Àwọn ọmọ yín dúró sí 101, tó jẹ́ ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n. Àádọ́rùn-ún ló kù. Tí nọ́ńbà yìí bá sì jẹ́ práìmù lóòótọ́, wọn ò ní mọ̀ títí wọn ó fi dé 65,536, práìmù 6,542 ló sì wà lábẹ́ ìyẹn. Kò sí ọmọ tó máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní p jẹ́ práìmù kan tó pín nọ́ńbà wa tán. Ẹ máa gbé agbára 2 sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa fi p pín in, ẹ sì máa kọ àṣẹ́kù sílẹ̀. Ọjọ́ tí àṣẹ́kù bá jẹ́ 1, ọjà ná. Àwọn ọjọ́ ọjà yìí máa ń yí po ní iye kan náà, bí ọjà abúlé. (Àlàfo tó wà láàárín ni mo ń kà o, kì í ṣe bí àgbà ṣe ń ka ọrún tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń pè ní márùn-ún.) Ní ọjọ́ 32, ẹyọ kan ló ku kó pé p, nítorí náà ọjà kò ná. Ní ọjọ́ 64, àìpé kan lọ́nà àìpé kan di 1, ọjà ná. Àyípo náà gbọ́dọ̀ pín 64 tán, kò sì gbọdọ̀ pín 32. Ọ̀kan ṣoṣo ló bá a mu, òun ni 64 fúnra rẹ̀. Òfin mìíràn tí Fermat fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ ná ní ọjọ́ p − 1. A jẹ́ pé 64 gbọ́dọ̀ pín p − 1 tán.

Ẹ wo bí oko ṣe kéré tó báyìí: 65, 129, 193, 257, 321, 385, 449, 513, 577, 641. Ẹ yọ àwọn tí kì í ṣe práìmù, ó ku 193, 257, 449, 577 àti 641. Àṣẹ́kù tiwọn ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé: 109, 2, 325, 288, òfo. Ìgbìyànjú márùn-ún péré, ẹ ti mú un.

Kódà, ẹ lè fo 257. Tí ẹ bá yọ 2 kúrò nínú nọ́ńbà wa, 4,294,967,295 ló kù, ìyẹn sì jẹ́ 3 × 5 × 17 × 257 × 65,537. Àwọn márùn-ún tí ìwé yẹn kà lẹ rí yẹn, kò sí èyí tó sọnù. Nítorí náà, èyíkéyìí nínú wọn tí ẹ bá fi pín nọ́ńbà wa, 2 ló máa ṣẹ́kù. Ìdí tí 3 fi fún àwọn ọmọ yín ní 2 nìyẹn.

Ní 1878, Édouard Lucas fi hàn pé 128 ni a lè lò dípò 64. Pẹ̀lú ìyẹn, práìmù tó wà nínú oko títí dé 641 jẹ́ méjì péré, 257 àti 641. Ẹ̀rí tirẹ̀ ju SS2 lọ díẹ̀, ẹ fi 64 kọ́ wọn.

koda_obele

Ti C yẹn ni mo fẹ́ dáhùn. Kò sí ohun tó gbé e mì, àyè ni kò gbà á. `unsigned int` lórí kọ̀ǹpútà tí à ń lò jẹ́ bíìtì 32, ìyẹn àyè 32 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0 tàbí 1, ohun tó pọ̀ jù tó lè gbà sì ni 4,294,967,295. 2^32 á padà di òfo, 2^32 + 1 á di 1. Bíi míítà ọkọ̀ tó yí dé ìparí tó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ètò náà wá ní 1 kì í ṣe práìmù, òótọ́ ló sì sọ nípa 1. Èsì tó bá òótọ́ mu láti inú ìṣirò tí kò tọ́, irú rẹ̀ ló burú jù, torí kò sí ẹni tó máa padà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kú ọgbọ́n tí ẹ ní kó tẹ n jáde.

Ẹ lo `uint64_t` tó jẹ́ bíìtì 64, kí ẹ sì fi `ULL` sí ẹ̀yìn nọ́ńbà náà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé `long`: lórí Windows, bíìtì 32 ló jẹ́, lórí Linux bíìtì 64, ó jẹ́ 64. Ètò tó ṣiṣẹ́ nílé lè má ṣiṣẹ́ níléèwé.

Ẹ sì kìlọ̀ fún wọn nípa àmì yìí, `^`. Ní C àti ní Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, kì í ṣe agbára. Ẹni tó bá tẹ `2^32+1`, 35 ló máa rí, nítorí pé ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ ro 32 pọ̀ mọ́ 1, á wá fi bíìtì 2 àti ti 33 wé ara wọn. Ní Python, `2**32+1` ni.

Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà irú èyí jẹ́ práìmù láìwá ohun tó pín in, àyẹ̀wò Pépin wà láti 1877. Ẹ mú 3, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ mú àṣẹ́kù, ẹ tún fi àṣẹ́kù náà ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Tó bá jẹ́ práìmù, ẹyọ kan ló gbọ́dọ̀ ku kó pé, ìyẹn 4,294,967,296. Tí ẹ bá tẹ `pow(3, 2**31, 2**32+1)` ní Python, 10324303 ló ń mú wá. Kì í ṣe práìmù, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n kò ní sọ 641 fún yín o. Ó mọ̀ pé olè wọlé, kò mọ orúkọ olè.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ ní C, ẹ ṣọ́ra fún `long long` tó ń gba àmì ìyọkúrò. Ìgbésẹ̀ náà lọ báyìí: 9, 81, 6561, 43046721, 3793201458. Tí ẹ bá sọ ìkarùn-ún yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó ti ju ohun tí `long long` lè gbà lọ. Láti ìgbésẹ̀ kẹfà ni gbogbo rẹ̀ ti máa bàjẹ́, láìsí ìkìlọ̀ kankan. `uint64_t` gbà á.

bisi_ss3

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ ìṣirò mi ní bọ́tìnnì FACT. Mo tẹ nọ́ńbà náà, ó kọ 641×(6700417). Kí nìdí tó fi ti ìkejì mọ́ inú àkámọ́? Ṣé ìyẹn ni pé òun náà kì í ṣe práìmù?

isiro_alagbaka

Bísí, ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ̀rọ náà ń fi práìmù tó ní díjíìtì kan sí mẹ́ta nìkan wá a. Ohun tó bá ṣẹ́kù tí kò lè jẹ́rìí sí, á tì í mọ́ inú àkámọ́. Kò sọ pé ó jẹ́, kò sì sọ pé kò jẹ́. Ọwọ́ ara wa la fi máa parí ẹ̀.

Tí 6,700,417 bá ní ohun tó pín in, ọ̀kan nínú wọn kò lè ju 2,588 lọ, torí pé 2,588 × 2,588 jẹ́ 6,697,744, 2,589 lọ́nà ara rẹ̀ sì ti kọjá. Ohun tó bá pín in pín nọ́ńbà ńlá náà pẹ̀lú, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà nínú oko 128 tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan. Nínú oko yẹn títí dé 2,588, práìmù márùn-ún ló wà: 257, 641, 769, 1,153, 1,409. A ti lé 257 lọ. Má fo 641 o, èèyàn máa ń gbàgbé pé ohun kan lè pín nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣẹ́ku 44. 769 ṣẹ́ku 120. 1,153 ṣẹ́ku 334. 1,409 ṣẹ́ku 622. Práìmù ni 6,700,417. Yọ ọ́ kúrò nínú àkámọ́.

Nítorí náà, nọ́ńbà mẹ́rin péré ló pín 4,294,967,297 tán: 1, 641, 6,700,417 àti òun fúnra rẹ̀. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 4,301,668,356.

agba_ondo (Ondo)

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ ṣe dára, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì pe orúkọ nọ́ńbà náà. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kẹ́ kà á. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, ìyẹn àpò owó ẹyọ kan. Ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́ jẹ́ 400,000,000. Nọ́ńbà yín wá jẹ́ ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, pẹ̀lú ọ̀kẹ́ ẹgbàáje ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé méjìdínláàádọ́ta, pẹ̀lú ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárin ó lé ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó mí kanlẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán ni mo fi ọ̀kẹ́ ṣe. Ó tún jẹ́ ọ̀nà tí a lè fi yẹ ìsọdipúpọ̀ náà wò. 6,700,417 jẹ́ ọ̀kẹ́ 335 ó lé 417, kò sí èérún kankan láàárín. 641 lọ́nà ọ̀kẹ́ 335 jẹ́ ọ̀kẹ́ 214,735. 641 × 417 jẹ́ 267,297, ìyẹn ọ̀kẹ́ 13 ó lé 7,297. Ẹ ko wọn pọ̀: ọ̀kẹ́ 214,748 ó lé 7,297. Nọ́ńbà yín gẹ́lẹ́ nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ gbà sínú ẹ̀rọ díjíìtì mẹ́jọ, àpò kankan ò ya.

Òwò kan tún kù tí ẹ ò tíì ná. Ẹ pe nọ́ńbà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ ní skúẹ̀. Nọ́ńbà wa jẹ́ skúẹ̀ 65,536 pẹ̀lú skúẹ̀ 1. Gbogbo yín mọ ìyẹn. Ó tún jẹ́ skúẹ̀ 62,264 pẹ̀lú skúẹ̀ 20,449: 3,876,805,696 àti 418,161,601, ẹ rò wọ́n pọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni práìmù lè gbà jẹ́ àròpọ̀ skúẹ̀ méjì. Èyí ní méjì, kò lè jẹ́ práìmù láéláé.

Láti ibẹ̀ lẹ ó ti fa 641 yọ. Ẹ so èyí tí 2 pín tán mọ́ èyí tí 2 pín tán, èyí tí 2 pín tó ṣẹ́ku 1 mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀; bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, kò ní jáde. 65,536 yọ 62,264 kúrò, ó ku 3,272. 20,449 yọ 1, ó ku 20,448. Ohun tó tóbi jù tó pín méjèèjì tán ni 8. Ẹ wá rò wọ́n pọ̀ dípò kí ẹ yọ: 127,800 àti 20,450. Èyí tó tóbi jù tó pín àwọn náà ni 50. Ẹ dá 8 sí méjì, ó di 4. Ẹ dá 50 sí méjì, ó di 25. Skúẹ̀ 4 jẹ́ 16, skúẹ̀ 25 jẹ́ 625. Àròpọ̀ wọn ńkọ́? 641. Kí ẹ mọ̀ ṣá o, wíwá skúẹ̀ méjì kejì yẹn ló le. Ẹ fi hàn wọ́n, ẹ má ní kí wọ́n lọ wá a.

Tó bá jẹ́ kóró kòkó 4,294,967,297 lẹ fẹ́ tò sí ìlà tó dọ́gba, ìlà 641 tí 6,700,417 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, tàbí kí ẹ dojú rẹ̀ kọ òdìkejì. Bí kóró gbígbẹ kan bá tó gíráàmù kan, ó ju ẹgbàajì tọ́ọ̀nù lọ. Ẹ má sá a sí títì Ọ̀yẹ́mẹ́kùn.

tisa_okearo (Àkúrẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an ni, bàbá, ẹ ṣeun gbogbo yín. Ìlà mẹ́rin àṣẹ́kù yẹn ni màá fi bẹ̀rẹ̀, oko 64 á tẹ̀ lé e. Wọ́n máa béèrè èyí tó tẹ̀ lé e, 2^64 + 1. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

isiro_alagbaka

Ọ̀nà kan náà ni, Tíṣà, àmọ́ oko rẹ̀ jìn. Fortuné Landry tú u ní 1880: 274,177 × 67,280,421,310,721. Àlàfo àwọn nọ́ńbà inú oko rẹ̀ jẹ́ 256, 274,177 sì wà ní ìgbésẹ̀ 1,071, nítorí náà ẹ má ní kí wọ́n wá a. Títí dé 2^(2^32) + 1, wọ́n ti fi hàn pé kò sí práìmù mìíràn lẹ́yìn márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn. Lẹ́yìn ibẹ̀, ti 2^(2^33) + 1 kò tíì yé ẹnikẹ́ni.

Èyí tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n jẹ́rìí sí 274,177 bí a ṣe ṣe fún 641. 2^32 jẹ́ 4,294,967,296. 274,177 wọ inú rẹ̀ ní ìgbà 15,664, ó ṣẹ́ku 258,768. Ìyẹn tóbi, ẹ wo iye tó ku kó pé dípò rẹ̀: 15,409. Àìpé lọ́nà àìpé kì í yí èsì padà, òun la máa lò. 15,409 × 15,409 jẹ́ 237,437,281, díjíìtì mẹ́sàn-án ni, ọwọ́ ni kí wọ́n fi ṣe é, ẹ̀rọ oníṣòwò ò ní gbà á. 274,177 × 866 sì jẹ́ 237,437,282.